Pákó Àwọn Aláìkú

Okùn ni iṣẹ́ Vitan. Bí ọkọ̀ ìkọjá odò bá ti ìhà Ròmáníà dé, òun ni yóò ju okùn sí òpó èbúté, tí yóò so ó, tí yóò sì sọ afárá irin kalẹ̀ kí àwọn lọ́rì lè bọ́ sílẹ̀. Bí òmíràn bá tún ti kún inú ọkọ̀, yóò ti igi sábẹ́ táyà wọn kí wọ́n má baà yí, yóò tú okùn, yóò sì lọ dúró sí igun kan pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò. Iṣẹ́ tó ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti bọ́ aṣọ ológun títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà òtútù, bí yìnyín bá bo irin, yóò gbé garawa iyọ̀ dání, yóò máa fọ́n ọn káàkiri bí ẹni tó ń fún adìyẹ lóúnjẹ.

Ohun tí ìlú mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ohun tí àwa díẹ̀ mọ̀ ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, Vitan ni adájọ́ àwọn Aláìkú.

Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, ìwé ìtàn àwọn ayé tí kò sí rí mú wa bí ibà. A ka gbogbo èyí tó dé ilé ìkàwé ìlú wa tán, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwa sílẹ̀. Ilẹ̀ Kùrukùru ni a pe ayé náà. Ó ní òkè, ó ní ogun tí kì í parí, ó sì ní àwọn Aláìkú, tí oníkálukú wa ní tirẹ̀. A pọ̀ nígbà náà. Àwọn kan lọ sí Sófíà, olú ìlú wa, àwọn kan lọ sí Jámánì, àwọn kan gbéyàwó, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n. Nígbẹ̀yìn, ó ku mẹ́ta: Vitan, Yonko, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, àti èmi Neda, tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé wà lọ́wọ́ mi.

Vitan ló gbé pákó náà wá, láti ara ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n tú. Ó kan ìṣó sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ Aláìkú kọ̀ọ̀kan sára ègé igi, ó sì fi wọ́n kọ́. Ẹni tó lágbára jù ló wà lókè. Bí o bá fẹ́ kí tìrẹ gòkè, o ní láti gbéjà ko ẹlòmíràn, kí o sọ bí ìwọ yóò ṣe ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni yẹn yóò dáhùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kọ́kọ́ tán lẹ́nu rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣó kan. Òfin Vitan kò pọ̀. Ó ní agbára tí ẹnikẹ́ni kò bá gbéjà kò, agbára kọ́. Ó tún ní a kì í ṣàánú Aláìkú.

Ẹni tó bá wà lórí ìṣó ìsàlẹ̀ pátápátá, tó tún pàdánù, a ní ó kú. Yonko ló wá mú àṣejù wọ ọ̀rọ̀ ikú yìí. Òun ló ń tẹ ìwé òkú fún gbogbo ìlú, ìwé tí etí rẹ̀ dúdú yẹn, pẹ̀lú fọ́tò àti orúkọ, tí à ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà olóògbé, mọ́ ara igi, mọ́ ibùdókọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá tíì wà lára ilẹ̀kùn, kò tíì kú tán. Nígbà tí Aláìkú ọ̀rẹ́ wa kan tó ti lọ sí Jámánì já bọ́ lórí ìṣó, Yonko tẹ ìwé fún un: *Gromil, Aládé Èéfín, ti fi wá sílẹ̀.* Ó ya ojú kan tó ní irùngbọ̀n sí i, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìkàwé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Màmá Tsona ni, tí ilé rẹ̀ dojú kọ wá. Ó gbé abọ́ àlìkámà sísè dání, ó ti wọ́n ṣúgà àti ẹ̀pà oyinbo sí i bí a ṣe ń ṣe é fún òkú, ó sì ti ki àbẹ́là pupa kan sí àárín rẹ̀.

"Ta ni bàbá yìí?" ó bi wá. "Mi ò rántí ẹ̀ rárá."

"Ará òkè ni, Màmá," Yonko dáhùn.

"Àìsàn ló pa á?"

"Ìjà ló bá lọ."

"Ó dàgbà tó báwo?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún."

Màmá Tsona ya àmì àgbélébùú. "Kí Ọlọ́run foríjì í. Ó kúkú jayé."

Ojú ti Vitan. Ó sọ òtítọ́ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àgbà ọ̀dẹ̀," ó ní. "Òkú gidi ò tó yín í kà ni? Ó dáa, ẹ jẹ ẹ́. Oúnjẹ òkú kì í padà wọlé."

A jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti rí ìwé tuntun lára ilẹ̀kùn wa, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ kan fèrèsé: "Èyí ńkọ́? Èèyàn ni àbí ọ̀kan nínú tiyín?"

Ìyàwó Vitan kú nígbà tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n sin ín sí abúlé tirẹ̀, lábẹ́ òkè, níbi tó jìnnà sí odò. Dafina ni orúkọ ọmọ náà. Vitan kò rí ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ó sì ń gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Yóò sùn lórí kóòtù wa tí a kó jọ, nígbà tí à ń fi ariwo wọn agbára àwọn Aláìkú lórí rẹ̀ bí ẹni ń wọn ẹja. Ọ̀rọ̀ wa ló fi dàgbà. Nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wá síwájú pákó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Èmi náà ní tèmi."

"Kí ló ń jẹ́?" Yonko bi í.

"Oníyọ̀."

"Kí ló lè ṣe?"

"Ohun tó bá fọwọ́ kàn kì í jẹrà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Tó bá sì ti gba nǹkan kan là, òun fúnra ẹ̀ máa gbàgbé nǹkan kan."

"Kí ló dé tó fi máa gbàgbé?"

"Iyọ̀ ẹ̀ ló ń dín kù."

"Ṣé ó lè pa èèyàn?"

"Kò lè pa eṣinṣin."

"Ọmọ mi," Yonko ní, "Aláìkú kọ́ lèyí. Ẹlẹ́ja gbígbẹ ni."

A rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Vitan gbẹ́ orúkọ náà sára igi bí ó ṣe ń gbẹ́ ti gbogbo wa, ó sì fi kọ́ sórí ìṣó kan nísàlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Ọba Irin-Tútù, tí í ṣe ti bàbá rẹ̀, gbéjà kò ó. Ibi tí Ọba Irin-Tútù bá fẹsẹ̀ tẹ̀, odò á dì, ẹyẹ á sì já bọ́ láti ojú ọ̀run bí òkúta. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu ọmọ náà. Ó sunkún. Mo wo Vitan, mo rò pé yóò gbé e gòkè padà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka nu imú rẹ̀ fún un, ó ní, "A kì í ṣàánú Aláìkú. Lọ wá ọ̀rọ̀ wá."

Ó lọ wá ọ̀rọ̀ náà fún ọdún bíi mélòó kan. Ó ti ga ju mí lọ ní ọjọ́ tó rí i.

"Bàbá," ó ní, "kí lẹ máa ń dà sórí irin ọkọ̀ yín láàárọ̀ ìgbà òtútù?"

Vitan la ẹnu. Ó pa á dé.

Yonko lu tábìlì títí gíláàsì fi ṣubú. "Vitan! Ara ẹ lo ti ń pa láràárọ̀! Garawa garawa!"

"Yìnyín náà kì í jẹ́ kí nǹkan jẹrà," Vitan ní. Kò sí agbára nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

"Títí oòrùn máa fi ràn ni," Dafina dáhùn. "Tèmi kì í wo ojú oòrùn. Àti pé, Bàbá, ẹni tó lè ba nǹkan jẹ́ pọ̀. Ẹ ka ẹni tó lè dá a dúró fún mi."

Vitan gun àga fúnra rẹ̀, ó sì fi Oníyọ̀ kọ́ sórí ìṣó òkè pátápátá, níbi tí Ọba Irin-Tútù wà tẹ́lẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, mo wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Òun ló ru báàgì ìwé ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ti ga tó o.

Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn jà jù. Èmi àti Yonko kàn ń jókòó tì wọ́n ni. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé. Dafina ló sọ fún mi. Ó ní gbogbo ohun tí bàbá òun bá fẹ́ sọ, ó máa ń tọ́jú rẹ̀ di Sátidé.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kò sí. Dafina rí ibì kan ní Ítálì, níbi tí yóò ti máa tọ́jú ìyá arúgbó kan tí kò lè dìde mọ́, bí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ìlú wa ṣe ń ṣe. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, Vitan borí rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbàgbé ohun tó ń ṣọ́. Ta ni yóò wá jà fún nígbà náà? Dafina ronú títí kọfí rẹ̀ fi tutù. Kò rí ìdáhùn. Oníyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí ìṣó ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé oṣù yẹn kò dáa fún un tẹ́lẹ̀.

"Ẹ fi síbẹ̀," ó ní. "Tí mo bá dé, màá gòkè. Kí Bàbá máa múra sílẹ̀."

Ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń tú okùn rẹ̀ náà ló fi kọjá odò. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló gbé e, òun àti àwọn mìíràn tó ń lọ ṣiṣẹ́. Mo lọ sin ín dé èbúté. Kí bọ́ọ̀sì tó gun afárá, Vitan gbé kẹ́tùrù kan jáde, ó sì da omi síwájú táyà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn.

Dafina yọ orí lójú fèrèsé. "Bàbá! Oníyọ̀ ni mí, ẹ wá ń da omi síwájú mi!"

"Kí ọ̀nà rẹ lè ṣàn bí omi ni."

"Irọ́ ni! Ẹ̀ ń wá ọ̀nà láti tún nà mí ni. Mo mọ̀ yín."

Vitan ti igi sábẹ́ táyà bọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. Ní òdìkejì odò, òun náà ló yọ ọ́.

Dafina kò pa Sátidé kan jẹ láti ọ̀hún. Yóò pe fóònù mi, a óò gbé e sí àárín tábìlì, yóò máa bá wa pariwo. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan Oníyọ̀. Ó ní ojú pákó lòun fẹ́ dúró sí tí òun bá máa gòkè.

Kí Àjíǹde tó dé, ó wọ ọkọ̀ láti wálé. Òjò ń rọ̀ ní ojú ọ̀nà kan ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kì í sì í ṣe ibi tó ti ń bọ̀. Ọkọ̀ náà ṣubú.

Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní abúlé abẹ́ òkè. A kò pọ̀: Vitan, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, àlùfáà, Yonko, àti èmi. Vitan kò sunkún. Ó bá àwọn tó ń sọ pósí kalẹ̀ di okùn mú, ó sì ń sọ fún wọn jẹ́jẹ́ ìgbà tí wọ́n máa tú u díẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa dá a dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yonko fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Mo rí etí rẹ̀ tó dúdú.

"Fi pamọ́," Vitan ní.

"Vitan, ó yẹ ká—"

"Mo ní fi pamọ́."

Bí ìwé kankan kò ṣe lẹ̀ mọ́ ibì kankan ní ìlú wa nìyẹn. Àwọn ènìyàn gbọ́ nǹkan. Ìlú kékeré ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ kí ẹni tí kò tíì kéde òkú rẹ̀? Àwọn obìnrin ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì bí wọ́n bá rí i. Àwọn awakọ̀ lọ́rì tó mọ̀ ọ́n kò dá àpárá mọ́. Màmá Tsona nìkan, tí etí rẹ̀ ti di, ni kò gbọ́ nǹkankan. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dá Vitan dúró.

"Dafina ńkọ́? Ṣé wọ́n ń fún un lóúnjẹ dáadáa níbẹ̀?"

"Ó ń jẹun, Màmá."

"Sọ fún un kó má jẹ́ kí ìyá arúgbó yẹn sọ ọ́ di ẹrú. Mo mọ àwa arúgbó."

"Màá sọ fún un."

Ogójì ọjọ́ tí a fi ń ṣe ìrántí òkú kọjá láìsí ìwé, láìsí àlìkámà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Vitan wá sí ilé ìkàwé. Ó bọ́ kóòtù, ó jókòó, ó wo pákó.

"Ta ló fẹ́ gbéjà ko Oníyọ̀?" ó bèèrè.

Èmi àti Yonko kò wo ara wa. Nígbà tó yá, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa méjèèjì ti sọ ọ́ láàárín ara wa. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí òkè pátápátá, kó máa wà níbẹ̀."

"Kí ló ṣe?"

"Mo ní..."

"Ta ló nà kó tó débẹ̀, Neda? Ọ̀rọ̀ wo ló sọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ife kọfí jọ.

"Ẹ má gbé e lọ sókè bíi fọ́tò," ó ní. "Ẹ bá a jà. Ẹni tí wọn ò bá bá jà mọ́, ìyẹn ló kú."

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní gbogbo Sátidé. Yóò dé, yóò bèèrè. Mo máa ń wo fèrèsé. Yonko, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, yóò máa fi èékánná bó èso òdòdó oòrùn kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà a óò sọ̀rọ̀ nípa àwọn Aláìkú yòókù, láìní ìtumọ̀, bí ẹni ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́. Vitan ń gbẹ. Ó ti ń wé kóòtù rẹ̀ mọ́ra kọjá ibi tí bọ́tìnnì wà. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Ó ń fẹ́ kí ẹnìkan gbé ọwọ́ sókè sí ọmọ rẹ̀, kí òun lè dìde gbèjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àánú wa kò sì jẹ́ kí ó rí i.

Ó di ìgbà ìwọ́wé. Òjò ń lu páànù. Vitan bèèrè ìbéèrè rẹ̀.

Yonko gbé gíláàsì ọtí rákíà rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi," ó ní.

Vitan dìde dúró. Ó dà bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, tó sì ti ń retí rẹ̀.

"Ta lo fẹ́ fi bá a jà?"

"Ẹni-Tí-Kì-í-Sùn."

Ti Yonko ni, láti ìgbà èwe wa. Kò ní idà, kò ní iná. Ojú lásán ló ní, tí kì í pa á dé.

"Sọ," Vitan ní.

"Kò ní lu ú. Kò ní fọwọ́ kàn án. Á kàn máa wò ó bó ṣe ń rìn, ní ọ̀sán, ní òru, títí á fi dé etí odò. Ó mọ̀ pé dandan ni kó sọdá, torí òdìkejì nilé ẹ̀ wà. Afárá ò sì sí. Tó bá wá ti kẹsẹ̀ bọ omi..."

"Sọ ọ́ tán."

"Iyọ̀ máa ń yọ́ nínú omi, Vitan."

Mo rántí kẹ́tùrù. Mo mọ̀ pé Vitan náà rántí rẹ̀, nítorí pé ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó ní ìdáhùn," ó ní. "Dafina ní ìdáhùn sí èyí. Èmi náà ti bi í rí. Mo ní omi ńkọ́? Ó ní..." Ó pa ojú dé. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, títako ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò tọ́jú wọn láti fi wọ́n gbèjà. Òjò ń lu páànù. "Ó ní tí iyọ̀ bá yọ́ sínú omi, kò lọ síbì kankan. Omi ló di oníyọ̀. Ẹni tó bá mu omi yẹn, òun ló mu."

Ìdáhùn tó dára ni. Ohùn ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Vitan la ojú, ó wo Yonko, ojú rẹ̀ ń tàn bí ìgbà tó gun àga lọ́jọ́sí. Yonko lè gbà á. Kí ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, ìjà á parí, Oníyọ̀ á gòkè sí ìṣó kan, àwa náà á sì máa jókòó níbẹ̀ di Sátidé mìíràn, àti òmíràn.

"Tó bá jẹ́ ife omi ni, òótọ́ ni," Yonko ní. "Tó bá jẹ́ kànga ni, mo gbà. Odò yìí ni mò ń sọ. Gbogbo ayé ẹ lo lò lórí ẹ̀. Ó ń ta sí ẹ lẹ́nu lójoojúmọ́. Látìgbà tó ti lọ, Vitan, ṣé o tọ́ iyọ̀ wò nínú ẹ̀?"

Ohùn rẹ̀ já sí méjì kí ó tó dé òpin ìbéèrè náà.

Vitan fi ìka kan ètè ara rẹ̀.

"Mo máa ń bù ú sẹ́nu láàárọ̀," ó ní, "kí lọ́rì àkọ́kọ́ tó dé. Mo máa ń dì í mú sẹ́nu." Ó mi kanlẹ̀. "Omi lásán ni."

Ó lọ síwájú pákó, ó tẹ̀ ba, ó yọ ègé igi náà kúrò lórí ìṣó ìsàlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó gbẹ́ orúkọ sí, ó sì fi sínú àpò àyà rẹ̀.

"O ò ṣàánú," ó sọ fún Yonko.

"Ìwọ lo ní ká má ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni. O ṣeun."

Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Yonko yí tábìlì ká, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ikùn bí a ṣe ń gbá orí ọmọdé mọ́ra, àwọn méjèèjì sì ń sunkún pẹ̀lú ariwo, àwọn ọkùnrin ńláńlá. Mo lọ ti fèrèsé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tìtì ló wà tẹ́lẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Yonko tan ẹ̀rọ. Kò wá fọ́tò Dafina. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìrúwé.

"Orúkọ wo ni kí n kọ?" ó bèèrè, kò yíjú padà.

"Ti ọmọ mi," Vitan dáhùn.

Ìwé náà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, etí rẹ̀ dúdú. Vitan gbé ọwọ́ lé wọn. Wọ́n ṣì gbóná. Ó ní kí Yonko má kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i ju orúkọ lọ, àti pé bàbá rẹ̀ ló kéde. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ilé rẹ̀. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ńlá èbúté, níbi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń tò. Ẹyọ kan ṣẹ́kù, Vitan sì ní kí a gbé e lọ sí ilẹ̀kùn ilé ìkàwé.

Ó ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù sára ìwé náà nígbà tí a gbọ́ ọ̀pá lẹ́yìn wa. Màmá Tsona ń bọ̀ lábẹ́ agboòrùn, aṣọ ilé ló wọ̀, ó ń ráhùn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Nínú òjò yìí! Ẹ̀yin ò lè dàgbà láéláé." Ó fi orí ọ̀pá gún Yonko lẹ́yìn. "Èyí ńkọ́? Èèyàn ni àbí ọ̀kan nínú tiyín?"

Yonko la ẹnu. Vitan ló dáhùn.

"Èèyàn ni, Màmá."

Kò gbọ́. Ó ní kí ó tún un sọ.

"Èèyàn ni!" Vitan kígbe. Gbogbo òpópó ló gbọ́ ọ.

Obìnrin náà sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ìwé náà bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó wò ó. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú fọ́tò náà, níbi tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù, ìka náà sì lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ kí ó tó gbé e kúrò.

Kò bèèrè bí ó ṣe dàgbà tó.

"Jẹ́ kí n lọ gbé àlìkámà kaná," ó ní.

Ilẹ̀ ń yọ̀. Vitan gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì fún mi, ó gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì mú un sọdá.